Ihò kékeré lára ikùn, ọgbẹ́ ńlá nínú: ìrírí wa lẹ́yìn yíyọ ilé-ọmọ

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Iju ló mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára mi ní ìdàkudà títí tí àwọn dókítà fi yọ ilé-ọmọ mi ní ọsibítù kan níbí. Wọn kò la ikùn mi. Ihò kéékèèké mẹ́rin ni wọ́n lu, wọ́n ti kámẹ́rà bọ inú ìdodo, wọ́n sì gba ojú ara yọ ilé-ọmọ náà. Èjìká ló kọ́kọ́ dùn mí ju ikùn lọ, nítorí gáàsì tí wọ́n fẹ́ sínú ikùn kí wọ́n lè ríran a máa jẹ́ kí èjìká roni, ṣùgbọ́n ìyẹn kò pẹ́ lọ. Àwọn ihò náà jinná kíákíá débi pé àwọn tó wá bẹ̀ mí wò ń sọ pé n kò jọ ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ọkọ mi nìkan ni kò gbà, kò jẹ́ kí n gbé ìkòkò kaná.

Ó ti lé ní oṣù méjì kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú ara mi lójijì, omi tó ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú, tí kì í ṣe ìtọ̀, ó sì ń ṣe mí bíi pé nǹkan ń tì mí láti inú wá sísàlẹ̀. Mo pe nọ́ńbà tó wà nínú ìwé tí wọ́n fún mi nígbà tí mo ń lọ sílé, wọ́n sì ní kí n máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀. Òkè ojú ara, níbi tí wọ́n ti rán an pa lẹ́yìn tí ilé-ọmọ kúrò, ló ti là lápá kan. Wọ́n tún un rán lóru ọjọ́ náà, wọ́n sì fún mi ní oògùn apakòkòrò. Ohun tó dùn mí ni pé ìwé yẹn sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìtọ́jú ihò ara ikùn, ìlà kan ṣoṣo ni ó sì fi sọ ti ọgbẹ́ inú, èyí tó tóbi jù.

Abílékọ kan, Ìbàdàn

Ẹ kú ewu, Ìyá Ìbejì. Ní tèmi, ojú ihò tí wọ́n lu sí ìdodo ló yọ mí lẹ́nu. Ó ti jinná kí ó tó tún le gbandi lábẹ́ awọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì ń sun ọyún tó ṣàn bí omi, láìsí ibà rárá. Wọ́n pààrọ̀ oògùn apakòkòrò títí, kò gbọ́. Dókítà àgbà kan ló wá ní kí wọ́n gé díẹ̀ nínú ẹran ibẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n sì wá kòkòrò tó bá ti ikọ́ ife tan, nítorí àyẹ̀wò ọyún lásán kì í sábà rí i. Òun náà ni wọ́n rí. Inú omi ni irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ń gbé, ó sì lè bá irinṣẹ́ wọ ara aláìsàn bí wọ́n bá fi omi tí kò mọ́ tó ṣan irinṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi lo oògùn, owó rẹ̀ kò sì kéré. Bí ojú ihò yín bá jinná tán tó tún ń ṣọyún, ẹ má ṣe máa ra oògùn kiri ní kẹ́míìsì. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò yìí.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìnira, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tí èmi kọ́ṣẹ́, ikùn là ń là. Ọdún 1988 ni dókítà kan, Harry Reich, kọ́kọ́ fi kámẹ́rà ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí ní Amẹ́ríkà. Líla tí ọgbẹ́ Ìyá Ìbejì là kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ oníhò ju lẹ́yìn lílà ikùn lọ, ọ̀pọ̀ dókítà sì gbà pé iná mànàmáná tí wọ́n fi ń gé ẹran a máa jó etí ọgbẹ́, tí kì í jẹ́ kí ó tètè so pọ̀. Àtọ̀gbẹ àti sìgá mímu a máa dá kún un. Bí ìfun bá gba ojú ara yọ, ẹ má tì í padà: ẹ dùbúlẹ̀, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tí ẹ fi omi tó mọ́ rin bò ó, ẹ má jẹ, ẹ má mu, kí wọ́n sì gbé yín lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Bí ojú ihò bá ń wú síta nígbà tí ẹ bá ń húkọ́, pàápàá ihò tó tó mílímítà 10, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó, nítorí ìfun lè há síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ ṣeun, Mà. Ẹnì kan bi mí níkọ̀kọ̀ nípa ìgbà tí èmi àti ọkọ mi tún bá ara wa sùn. Dókítà ti ní kí a dúró fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rírán ẹlẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ó pé, ó kọ́kọ́ fi irinṣẹ́ yẹ ibẹ̀ wò, ó rí i pé apá kan ṣì pọ́n, ó sì fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kún un. Ọkọ mi ló tún ní kí á dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ.