Ìyẹ̀ ni, kì í ṣe eruku: lórí orúkọ ohun tí koríko àti igi ń tú sí afẹ́fẹ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ògbufọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè tí arábìnrin wa tó ń gbé ní Jámánì fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ dá sí. Ó ní ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ló máa ń sín ṣáá bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ojú máa ń yún wọn, tí imú wọn máa ń ṣomi, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ tí iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ibẹ̀ ń gbé jáde lórí ọ̀rọ̀ náà, ẹkùn dé ẹkùn, kò sí ní èdè wa. Ó fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, ó sì béèrè ohun tí a ó máa pe lẹ́búlẹ́bú tí àwọn ewéko ń tú sí afẹ́fẹ́ nígbà tí wọ́n bá tanná, èyí tí Òyìnbó ń pè ní pollen. Èsì mẹ́ta ló ti wọlé kí n tó ráyè kọ tèmi: "eruku òdòdó", "àtọ̀ òdòdó", àti "pólínì" lásán. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn.

Eruku ni kí n kọ́kọ́ mú, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ yín dìbò fún. Ní Ìbàdàn níbí, a mọ eruku dáadáa. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku tí afẹ́fẹ́ gbé láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá láti kòtò ńlá Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, a bo gbogbo òrùlé páànù láti Bẹẹrẹ dé Mọ́kọ́lá, aṣọ tí a sá síta a di aláwọ̀ ilẹ̀, ẹni tó bá sì sín, eruku ni yóò dá lẹ́bi. Eruku yẹn kò ní ìyá, kò ní bàbá. Ohun tí arábìnrin wa ń béèrè ní ìyá. Bí ẹni tó mọṣẹ́ bá wo hóró rẹ̀ kan lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, yóò mọ irú ewéko tó tú u jáde, kódà bí ewéko náà ti kú tipẹ́, nítorí èèpo rẹ̀ le débi pé kì í tètè jẹrà nínú ẹrẹ̀. Ní Yunifásítì Ìbàdàn wa níbí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Ṣówùnmí ti fi irú hóró bẹ́ẹ̀, tí wọ́n wà jáde láti inú ilẹ̀ Niger Delta, fi hàn pé ọ̀pẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lágbègbè náà ní nǹkan bí 2,800 ọdún sẹ́yìn. Ta ló lè bi eruku ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kí ó dáhùn? Ewu kan tún wà níbẹ̀: ẹni tí a bá sọ fún pé eruku ló ń dà á láàmú yóò máa gbálẹ̀, yóò máa nu orí kọ́bọ́ọ̀dù, yóò sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu lọ́jọ́ tí oòrùn ràn tí atẹ́gùn sì ń fẹ́, èyí tí í ṣe ọjọ́ tí nǹkan náà ń fò jù lọ.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo lọ sẹ́yìn ilé níbi tí ìyàwó mi gbin àgbàdo sí. Mo tẹ́ fóònù mi, tí ojú rẹ̀ dúdú, sábẹ́ ọ̀kan tí orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná, mo sì fi ìka ta igi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ìyeyè bo ojú fóònù náà bí ìgbà tí èèyàn da àtíkè sí i. Mo gbé e lọ bá ìyá àgbà kan ládùúgbò, tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dáko lọ́nà Mọ́níyà, mo ní, "Màmá, kí lẹ ń pe èyí?" Wọn ò tiẹ̀ rò ó. Wọ́n ní, "Ìyẹ̀ àgbàdo ni. Má jẹ́ kó kó sí ọ lọ́rùn, yíyún ló ń yún ni."

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Ìyẹ̀ náà ló wà nínú ìyẹ̀fun, òun náà ló wà nínú ìyẹ̀ròsùn tí babaláwo ń tẹ Ifá lé lórí ọpọ́n: ohun tó kúnná, tó fúyẹ́, tó sì wá láti ara igi tàbí irè oko. Ẹni tó fẹ́ kí a yá "pólínì" lò, kí ó rántí pé ìyẹ̀fun kíkúnná ni pollen fúnra rẹ̀ túmọ̀ sí lédè Látìn kí àwọn onímọ̀ tó fà á lé òdòdó lọ́wọ́. Wọ́n lọ sílé ìdáná wọn lọ mú ọ̀rọ̀. Kí ló dé tí àwa kò ní lọ sí tiwa?

Àtakò kan wà tí mo gbà. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò lámì, "iye" lè di iye owó, ìyè, tàbí ìyẹ́ adìyẹ, ìyẹ́ náà sì ń fò bí ìyẹ̀ ti ń fò. Nítorí náà, kí a má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ìyẹ̀ ìtànná ni mo dábàá, tàbí kí a fi orúkọ ewéko tì í: ìyẹ̀ koríko, ìyẹ̀ ọ̀pẹ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan ìtànná dípò òdòdó. Bí a bá dárúkọ òdòdó, ohun aláwọ̀ mèremère tí oyin ń bà lé ni yóò wá sí ọkàn èèyàn, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyẹ̀ irú òdòdó bẹ́ẹ̀ wúwo, ó ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ kòkòrò, kì í sábà fò jìnnà. Àwọn tó ń dààmú èèyàn ni àwọn tó fi iṣẹ́ wọn lé afẹ́fẹ́ lọ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni kì í já fún olólùfẹ́: eèsún, ẹ̀kan àti àwọn koríko mìíràn. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, hóró ìyẹ̀ koríko kan sábà máa ń gba bíi 20 sí 40 nínú rẹ̀. Ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan. Òwú àràbà tó ń fò kiri nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kọ́ ni ìyẹ̀ o. Òwú tó gbé èso rẹ̀ lọ ni, bí a tilẹ̀ ń rí i tí a sì ń fi gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ kàn án.

Ní ti "àtọ̀ òdòdó", ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́ pé ewéko ní akọ, a ń pe ìbẹ́pẹ tí kì í so ní akọ ìbẹ́pẹ. Ṣùgbọ́n hóró ìyẹ̀ ni ó gbé àtọ̀ dání, kì í ṣe àtọ̀ fúnra rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, mo gbìyànjú láti fojú inú wo akéde tí yóò kí àwọn àgbà káàárọ̀ lórí rédíò, tí yóò wá sọ fún wọn pé àtọ̀ pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ lónìí. Ẹ jọ̀wọ́.

Arábìnrin wa pe iṣẹ́ náà ní "àsọtẹ́lẹ̀ ìyẹ̀". Ìdajì rẹ̀ ni ìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti kọ́kọ́ ka iye ìyẹ̀ tó wà nínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò jù fún un, irú èyí tí onímọ̀ kan, J. M. Hirst, ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1952, máa ń fa afẹ́fẹ́ líta 10 ní ìṣẹ́jú kan, ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ náà á sì lẹ̀ mọ́ ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n wé mọ́ àgbá kékeré kan, tí ó ń fi mìlímítà 2 yí ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, wọ́n á yọ ọ̀rá náà, wọ́n á kà á lábẹ́ awò, wọ́n á sì mọ ọjọ́ àti wákàtí tí ìyẹ̀ kọ̀ọ̀kan dé. Òǹkà ìyẹ̀ ni kí a pe èyí (ẹni tó kọ "ìkà ìyẹ̀", kí ó tún un kà sókè létí ara rẹ̀), kí a sì pe gbogbo iṣẹ́ náà ní ìṣọ́ ìyẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọdẹ ti ń ṣọ́ àdúgbò. Ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọ̀la nìkan ni àsọtẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà "ẹkùn", fún àgbègbè tí ìkìlọ̀ kọ̀ọ̀kan wà fún, tọ̀nà, kí a má ṣe yí i padà sí ìpínlẹ̀. Nínú ìwé àwọn ará Jámánì, wọ́n pín ìpínlẹ̀ Bavaria nìkan sí ẹkùn mélòó kan, torí ìyẹ̀ kò mọ ààlà ìjọba. Ewéko 8 ni wọ́n ń ṣọ́, wọ́n sì ń fi òṣùwọ̀n 0 dé 3 wọ̀n ọ́n. Ẹnìkan nínú yín túmọ̀ 2 sí "ó ń pọ̀". Ó léwu, nítorí òṣùwọ̀n 2 lè jẹ́ ti ọjọ́ tí ìyẹ̀ ń dín kù láti 3 bọ̀. "Ó mọ níwọ̀n" ni kí a kọ, kí 1 jẹ́ "kò tó nǹkan", kí 3 jẹ́ "ó pọ̀ jọjọ". Kí a má sì kọ "ìgbà ìrúwé" lé gbogbo rẹ̀ lórí: àwọn igi kan níbẹ̀ ti ń tú ìyẹ̀ kí òtútù tó lọ, ti koríko pọ̀ jù láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje, Ambrosia, ewéko tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ragweed, sì ń dúró de oṣù Kẹjọ.

Orúkọ àìsàn náà ló kù. Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní ibà koríko gbígbẹ, kò sì sí ibà nínú rẹ̀ rárá. Ní ọdún 1873 ni Charles Blackley, dókítà kan ní Manchester tó ti fi ara rẹ̀ dán an wò, tẹ ìwé jáde pé ìyẹ̀ koríko ló ń fà á. Bí a bá fi "ibà" sí i, oògùn ibà ẹ̀fọn ni àwọn èèyàn wa yóò lọ rà ní kẹ́míìsì. Ọ̀fìnkìn ìyẹ̀ tó. Mo rí i pé àwọn kan fẹ́ "èèwọ̀ ara" fún ohun tí dókítà ará Austria kan, Clemens von Pirquet, sọ ní allergy ní ọdún 1906, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni ohun tí èèyàn mọ̀ tí ó sì lè yẹra fún. Ta ló lè yẹra fún èémí? Ara ló mú àlejò tí kò ṣe nǹkan kan, tó pè é lólè. Ohun tí a ń sọ nílé ti tó: kò bá mi lára mu. Ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí a má wá ọ̀rọ̀-orúkọ gígùn tí ẹnikẹ́ni kò ní pè. Bí èmi ni mo ní kí n kọ ìlà kan nínú ìwé náà, báyìí ni n ó ṣe kọ ọ́: "Ẹkùn gúúsù: ìyẹ̀ koríko pọ̀ jọjọ lónìí. Ẹni tí kò bá lára mu, kó ti fèrèsé, kó má sì sá aṣọ síta."

Igi kan ló ṣì ń dí mi lọ́wọ́, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní birch, tí ìyẹ̀ rẹ̀ wà lára àwọn tó le jù lọ́hùn-ún ní oṣù Kẹrin. A kò ní in nílẹ̀ wa. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ohùn Yorùbá kọ ọ́, ni mo bá kọ "bíríkì", ọmọ mi kà á, ó béèrè bóyá a fẹ́ kọ́lé. Mo ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí Betula, bí àwọn onímọ̀ ti ń pè é, fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ kí arábìnrin wa tó gbé ìwé náà lọ fún àwọn atẹ̀wé.