Gbó ti aṣọ àti gbó ti ènìyàn: ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun béèrè:
Mo kí gbogbo ilé. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, fi ọwọ́ kan ìró àdìrẹ tí ìyá mi ró, ó ní, “Màmá àgbà, ìró yín ti gbó, ẹ̀yin náà sì ti gbó.” Ojú tì mí, mo sì bá a wí. Ṣùgbọ́n ìyá mi, tí ó ti lé ní ọdún 80, ṣe “Àmín”, ó sì fà á mọ́ra. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi. Bí a bá ń ṣàdúrà fún ènìyàn, a ó ní kí ó gbó, kí ó tọ́. Bí aṣọ bá sì di ohun tí a fẹ́ sọ nù, a ó ní ó ti gbó. Báwo ni ọ̀rọ̀ kan ṣe jẹ́ àdúrà tí ó tún jẹ́ àbùkù?

Ọmọ Aláró fèsì:
Ẹ kú ìbéèrè. Ìdílé aláró ni wọ́n bí mi sí ní Òṣogbo, ìlú aró, ara aṣọ ni mo sì ti mọ ìdáhùn. Àwọ̀ ẹlú kì í wọ inú òwú dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yìn òwú ni ó ń lẹ̀ mọ́, ìdí sì nìyí tí a fi ń ri aṣọ bọ ìkòkò aró, tí a ń fà á yọ kí afẹ́fẹ́ lè kàn án, tí a tún ń rì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn òmíràn títí yóò fi dúdú dáadáa. Nítorí náà, ibi tí ara ti ń kan aṣọ jù ni ó kọ́kọ́ ń ṣá. Bí ẹ bá tẹ́ ìró ìyá yín sílẹ̀, ẹ ó rí ibi tí ó fi ń jókòó, ibi tí ó fi ń kúnlẹ̀, àti etí tí ó máa ń so mọ́ ìdí. Ẹ rántí pé ẹni tí ó ra aṣọ tuntun, “Ẹ ó lò ó gbó” ni à ń kí i, nítorí ẹni tí kò bá pẹ́ láyé kò lè lo aṣọ gbó. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Àgbẹ̀ Òròkí fèsì:
Òótọ́ ni, àmọ́ ó ku ibì kan. Lóko, àgbàdo tó gbó kò bàjẹ́, ó pé ọjọ́ ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbó kí ó tó pọ́n. Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ru sìmẹ́ǹtì láti òwúrọ̀ di alẹ́: kò tíì pé ọdún 30, ojú rẹ̀ sì dà bí ti ẹni 50. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe pe ìyẹn ní gbígbó. Kò gbó, wọ́n lò ó ní ìlòkulò ni.

Ará Ọ̀nà Igbó Ọ̀ṣun fèsì:
Ẹ fi ti ibùgbé kún un. Nínú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005, àwọn ère tí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí mọ kò bọ́ lọ́wọ́ òjò. Omi ń wọ ibi tí ó bá sán. Irin tí ó bá wà nínú sìmẹ́ǹtì yóò dípẹtà, yóò wú, yóò sì la sìmẹ́ǹtì náà sí wẹ́wẹ́. Ìyẹn ń dùn mí gan-an, mo sì fẹ́ kí a máa tún wọn ṣe kíákíá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹsẹ̀ olùbọ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ dé etí odò, tí Arugbá, wúńdíá tí ó ń ru igbá Ọ̀ṣun, ń gbà lọ́dọọdún, gbígbó ni mo pè é, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ọ̀dà bò ó.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun fèsì:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo tẹ́ ìró náà sórí ẹní lálẹ́ àná, ó sì ṣá níbi orúnkún méjèèjì gẹ́gẹ́ bí Ọmọ Aláró ti wí. Mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé kí n gé e fi nu ilẹ̀. Ìyá mi ní ọmọ tí ó sọ pé òun gbó ni kí n fún, kí ó máa fi bora sùn.