SS ni mí, mo sì fẹ́ràn ìrìn àárọ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Fòníkú-fọ̀ladìde, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ àwa tí a jẹ́ SS, ni wọ́n bí mọ́ mi, mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Láti kékeré ni wọ́n ti ń ní kí n jókòó jẹ́ẹ́. Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń sáré, èmi ni mo máa ń ṣọ́ bàtà wọn. (Mo mọ bàtà ṣọ́ o!)

Lọ́dún tó kọjá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárọ̀, láti Mọ́kọ́lá dé pápá ìṣeré Adámásingbà. Mi ò mọ̀ pé ó lè dùn tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo wá rò pé mo ti di géńdé, mo bá àwọn kan sáré lọ́jọ́ kan, òǹgbẹ ń gbẹ mí, mi ò mumi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀yìn àti itan ti ń ro mí bí ẹni ń gún wọn nínú odó. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo lò ní ọsibítù. Mo tún bẹ̀rẹ̀, òtútù ọyẹ́ tún dá mi dùbúlẹ̀.

Dókítà ò ní kí n má rìn. Ó ní kí n máa mumi kí òǹgbẹ tó dé, kí n má jẹ̀ẹ́ kí òtútù mú mi, kí n sì dúró bó bá ti rẹ̀ mí. Ìyá mi ni kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ SS tí ẹ ṣì ń rìn tàbí gun kẹ̀kẹ́, ẹ jọ̀ọ́, lẹ́yìn tí ìrora bá lọ, báwo lẹ ṣe ń padà bẹ̀rẹ̀? Kí lẹ ń ṣe nígbà ọyẹ́? Kí lẹ sì sọ fún ìyá tiyín?