Àìsùn Àjíǹde nínú ìjọ Lútérù: ohun tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀

Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà nínú ìjọ Lútérù ní Amẹ́ríkà, inú ìjọ Áńgílíkà, Bàptíìsì tàbí Kérúbù ni wọ́n ti wá. Wọ́n mọ ọdún Àjíǹde dáadáa: aṣọ funfun, ìrẹsì, orin òwúrọ̀ kùtùkùtù. Òru Sátidé ló máa ń ṣàjèjì sí wọn. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ Lútérù, òru yẹn gan-an ni Àjíǹde ti ń bẹ̀rẹ̀: inú òkùnkùn, iná tí wọ́n dá síta, àbẹ́là ńlá kan, ìwé mímọ́ tí wọ́n kà títí, omi, lẹ́yìn náà Oúnjẹ Olúwa. Ó lè gba wákàtí méjì. Ohun tó sì máa ń ba òru náà jẹ́ kì í sábà jẹ́ ohun ńlá. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ yín, ẹ sọ ohun tí ojú yín ti mọ̀, kí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn sí ìgbìmọ̀ lè rí nǹkan dì mú.

Olùtọ́jú iná àti àbẹ́là, Minnesota

Ẹ kú iṣẹ́ o. Aago ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣú kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù Kẹta ni wọ́n ti sún aago síwájú níbí, nítorí náà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, oòrùn kì í wọ̀ ní Minnesota kí aago méje ààbọ̀ alẹ́ tó lù. Ìjọ tó bá fi ìsìn sí aago méje nítorí àwọn ọmọdé, ojúmọmọ ni wọ́n máa tan àbẹ́là, kò sì sẹ́ni tí yóò rí ohun tí wọ́n ń sọ. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ló dára. Ẹ má sì gbé aago ọdún tó kọjá wá sí tọdún yìí, torí ọjọ́ Àjíǹde ń rìn láàárín 22 oṣù Kẹta sí 25 oṣù Kẹrin. Ti 2026 bọ́ sí 5 oṣù Kẹrin, ti 2027 yóò sì bọ́ sí 28 oṣù Kẹta.

Inú agbada irin ẹlẹ́sẹ̀ ni kí ẹ dá iná sí. Kí igi gbẹ dáadáa, kí ẹ sì là á wẹ́wẹ́. Ẹ má fi epo bẹntiróòlù sí i láéláé. Apá aṣọ funfun àlùfáà fẹ̀, iná epo sì máa ń fò lójijì. Ohun tó sàn jù ni kí ẹ yọ́ kùkùté àbẹ́là àtijọ́, kí ẹ dà á sórí èérún igi nínú páálí ẹyin, kí ó dì. Méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀ á mú iná ràn kódà bí ìrì bá ń sẹ̀. Ẹ pe ilé iṣẹ́ pánápaná ìlú yín kí ọ̀sẹ̀ mímọ́ tó dé. Àwọn ìlú kan ń béèrè ìwé àṣẹ, wọ́n sì lè fagi lé e lọ́jọ́ náà gan-an bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ tó sì ń fẹ́ gan-an. Nítorí èyí, kí fìtílà kan wà nítòsí tí ẹ lè fi rọ́pò. Garawa omi àti ohun ìpaná kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí agbada.

Àbẹ́là Àjíǹde kì í ṣe àbẹ́là lásán. Èyí tí àwọn ilé ìtajà ohun èlò ìjọ ń tà jù ní ìda oyin ìpín 51 nínú 100, ó sì máa ń ní àgbélébùú lára, Álífà lókè, Òmégà nísàlẹ̀. Ní igun mẹ́rin àgbélébùú ni nọ́ńbà ọdún wà. Fún 2026, 2 wà lókè lápá òsì, 0 lókè lápá ọ̀tún, 2 nísàlẹ̀ lápá òsì, 6 nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ìṣó ìda márùn-ún ló dúró fún ọgbẹ́ Olúwa: òkè, àárín, ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún. Bí àbẹ́là bá ti inú yàrá tútù jáde, tí àlùfáà fi agbára ti ìṣó bọ̀ ọ́, ara rẹ̀ máa ń sán. Ẹ gbé àbẹ́là sínú yàrá tó lọ́wọ́ọ́wọ́ láti àárọ̀, kí ẹ sì dán ihò márààrún wò ṣáájú.

Òwú àbẹ́là tuntun ni ọ̀tá gbogbo wa. Ìda ti bò ó, kì í gbaná kíákíá, afẹ́fẹ́ ìta a sì pa á. Ẹ tàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú fẹ́sìrì lọ́sàn-án, ẹ pa á, ẹ gé orí òwú kí ó ku ìwọ̀n mílímítà mẹ́fà. Lálẹ́, iná kan ṣoṣo ló máa gbà.

Olùrànlọ́wọ́ àlùfáà, Illinois

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pẹ̀lú yín lórí igi àti epo, àmọ́ mi ò gbà pé kí ẹ tan àbẹ́là ṣáájú. Iná tuntun ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ kan òwú yẹn. Bí afẹ́fẹ́ bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ lè fi ọ̀bẹ ha ìda kúrò lára òwú, kí ẹ sì fi àbẹ́là tẹ́ẹ́rẹ́ gbé iná láti inú agbada wá sábẹ́ ẹnu ọ̀nà, níbi tí ògiri ti dí afẹ́fẹ́. Iṣẹ́ kan náà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ò sì yí padà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹni tó gbé àbẹ́là yóò dúró: lẹ́nu ọ̀nà, láàárín ilé, níwájú. Ní ìdúró kọ̀ọ̀kan yóò kọrin pé “Ìmọ́lẹ̀ Kristi,” ìjọ á dáhùn pé “Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run,” ohùn á sì máa ga sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ẹni náà fi ohùn òkè bẹ̀rẹ̀. Ní ìdúró kẹta kò ní ní ibi tó máa lọ mọ́. Kí ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ohùn rẹ̀ pátápátá.

Nípa àbẹ́là kéékèèké ọwọ́ ìjọ, òfin kan ṣoṣo ni kí ẹ kéde: àbẹ́là tó ń jó kò gbọdọ̀ tẹ̀, èyí tí kò tíì jó ni kí ó tẹ̀ wá bá a. Ẹni tí kò bá mọ̀ yìí ló ń da ìda sórí bàtà àti kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ má gbàgbé páálí tó ń gba ìda, kí ẹ sì fún àwọn ọmọ kéékèèké ní àbẹ́là oníbátìrì. Nígbà tí àlùfáà tàbí akọrin bá ń kọ orin ìyìn gígùn níwájú àbẹ́là ńlá, kí iná mànàmáná má tàn rárá. Kí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ mọ̀ pé ìgbà tí wọ́n bá dé ìkéde “Kristi jíǹde!” ni kó tàn án, kì í ṣe ìgbà tí ó bá rò pé ó yẹ.

Ìyá tó ń tọ́jú pẹpẹ, Texas

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làálàá. Iná yín dára, àmọ́ àwa la ó fọ aṣọ.

Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ ni iṣẹ́ tiwa ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn Oúnjẹ Olúwa, wọ́n á tú pẹpẹ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ka Sáàmù 22. Ẹ yan ẹni tí yóò gbé ohun kọ̀ọ̀kan ṣáájú: ẹnìkan àbẹ́là, ẹnìkan ìwé, ẹni méjì aṣọ. Ẹ máa rìn jẹ́jẹ́, ẹ má sọ̀rọ̀. Pẹpẹ yóò wà ní ìhòòhò ní Ọjọ́ Ẹtì Rere títí di ọ̀sán Sátidé. Nígbà tí ẹ bá ń wọṣọ fún un padà, aṣọ tí wọ́n fi ìda bò ni yóò wà nísàlẹ̀ kí ọ̀rinrin má bàa dé òkè, aṣọ ìdáàbòbò lé e, aṣọ funfun tí wọ́n ya àgbélébùú márùn-ún sí lára sì ni òpin. Ẹ má ká aṣọ yẹn bí aṣọ òde. Ẹ yí i mọ́ ọ̀pá páálí, kí ojú ìká má bàa hàn lọ́jọ́ ọdún. Bí ìda bá kán sí i, ẹ gbé e sínú fìrísà, ẹ ha ìda tó dì kúrò, kí ẹ wá fi bébà aláwọ̀ ilẹ̀ sókè sísàlẹ̀, kí ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù. Bí wáìnì bá dà sí i, omi tútù ni kó kọ́kọ́ kàn án. Omi gbígbóná lè mú àbàwọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ aṣọ.

Òdòdó lílì funfun ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́, inú rẹ̀ ni ewu wà. Àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ní ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú lórí, tó máa ń pa aṣọ funfun láró. Bí òdòdó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là, tí orí ọ̀pá náà ṣì ń dán tí kò tíì tú ìyẹ̀fun, ẹ fi ọwọ́ já a kúrò. Bí ó bá ti tú sórí aṣọ, ẹ má fi omi nù ún, ẹ má fi ọwọ́ pa á. Téèpù ìlẹ̀mọ́, èyí tí a fi ń di páálí, ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ gbé sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ lu ìdí bébà dídán tí wọ́n fi wé ìkòkò rẹ̀, torí bí omi bá dúró síbẹ̀ gbòǹgbò á rà kí ọ̀sẹ̀ tó pé. Ẹ má tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ akọrin. Òórùn wọn le, ikọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ láàárín orin. Nígbà tí àwọn èèyàn bá fẹ́ gbé tiwọn lọ sílé, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń sin ológbò, torí májèlé tó ń pa ológbò ni lílì.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń san owó òdòdó ní ìrántí òbí wọn, wọ́n sì ń tẹ orúkọ sínú ìwé ètò ìsìn. Ẹ má ka orúkọ Yorùbá fún akọ̀wé lórí fóònù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, kí ẹ ní kí wọ́n fi èyí tí wọ́n tẹ̀ hàn yín kó tó di pé wọ́n tẹ ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà. Ó ń dun ọmọ kí orúkọ bàbá rẹ̀ jáde ní wíwọ́ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Pásítọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì

Nínú ìwé ìsìn tí ELCA (ẹgbẹ́ ìjọ Lútérù tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà) gbé jáde ní 2006, ẹ̀kọ́ kíkà 12 ló wà fún òru yìí. Kò pọn dandan kí ẹ ka gbogbo rẹ̀. Mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n kà dáadáa sàn ju méjìlá tí wọ́n sáré kà. Èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fò ni Ẹ́kísódù 14, ìrékọjá Òkun Pupa. Ìṣẹ̀dá ayé àti ìkún omi Nóà sì yẹ kí ó wà níbẹ̀, torí wọ́n ń múra ọkàn sílẹ̀ de ìrìbọmi. Àdúrà tí Martin Luther fi sínú ìwé ìrìbọmi rẹ̀ ní 1523 so ìkún omi, Òkun Pupa àti Jọ́dánì pọ̀ mọ́ omi inú àwo ìrìbọmi. Ẹni tó bá ti gbọ́ ẹ̀kọ́ náà nínú òkùnkùn, tó wá gbọ́ àdúrà yẹn, kò nílò àlàyé mọ́. Kátíkísìmù Kékeré ti 1529 sọ pé kí ògbólógbòó Ádámù inú wa máa rì sómi lójoojúmọ́ nípa ìrònúpìwàdà, kí ènìyàn tuntun máa jáde. Òru yìí ni ìjọ ń fi ojú rí i.

Ẹ gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú àwo kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, torí kó tó wákàtí kan ààbọ̀ yóò ti tutù. Bí kò bá sí ẹni tí wọ́n máa rì bọmi, ìjọ á rántí ìrìbọmi tiwọn, àlùfáà á sì fi ewé wọ́n omi sí wọn lára. Ẹ sọ fún àwọn tó wọ awò ojú.

Fún Oúnjẹ Olúwa, ìgò wáìnì 750 mílílítà kan ń kún ife kékeré 75 bí ife kan bá gba mílílítà mẹ́wàá. Ẹ fi 65 ṣe ìṣirò, torí díẹ̀ á dànù. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyàsímímọ́, wọ́n á mu ún tàbí kí wọ́n dà á sórí ilẹ̀, kì í bá omi ìdọ̀tí lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń mú àlejò láti Nàìjíríà wá, ẹ mọ irú ìjọ Lútérù tí ẹ ń lọ. Nínú ìjọ ELCA, ẹni tó ti ṣèrìbọmi ni wọ́n sábà máa ń pè wá sí tábìlì. Nínú ìjọ Missouri Synod, ẹgbẹ́ ìjọ Lútérù mìíràn ní Amẹ́ríkà, wọ́n á fẹ́ kí àlejò kọ́kọ́ bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀. Kí ẹ sọ èyí fún màmá yín nílé kó tó di pé ó dìde nínú ìlà.

Olùdarí ìwé kíkà

Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé ni pé ọjọ́ 50 ni Àjíǹde. Aṣọ pẹpẹ ṣì funfun, “Kristi jíǹde! Ó jíǹde nítòótọ́!” ṣì ń ṣí ìsìn, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ló sì ń gba ipò Májẹ̀mú Láéláé nínú ẹ̀kọ́ kíkà. Ìtàn Tọ́másì ni ti Àìkú kejì lọ́dọọdún, Olùṣọ́ Àgùntàn Rere ni ti kẹrin. Àbẹ́là ńlá ń jó ní gbogbo ìsìn títí di Pẹ́ńtíkọ́sì, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ìrìbọmi, wọ́n á sì máa tàn án níbi ìrìbọmi àti ìsìnkú. Tí ẹ bá ń pa á kíákíá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àárín nìkan ni yóò máa jẹ wọlé, etí rẹ̀ á dúró bí kànga. Ẹ jẹ́ kó jó títí ìda yóò fi yọ́ súnmọ́ etí, lẹ́yìn tí ẹ bá sì ti pa á, nígbà tí etí ṣì rọ̀, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wá sínú díẹ̀.

Ní Pẹ́ńtíkọ́sì, wọ́n máa ní kí àwọn Yorùbá bá wọn ka Ìṣe 2 ní èdè wọn. Ẹ ṣètò ẹsẹ tí gbogbo èdè yóò jọ bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ kẹrin ló sábà máa ń jẹ́, kí ẹ sì ní kí Yorùbá ka gbólóhùn kan nìkan kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀, kí ìjọ lè gbọ́ ohùn èdè náà. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọ bí wọ́n ṣe ń tẹ lẹ́tà lásán. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kọ̀ǹpútà wọn máa ń sọ lẹ́tà “ọ”, “ẹ” àti “ṣ” di àpótí òfìfo. Ẹ fi PDF ránṣẹ́, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó 16, kí ẹni tó máa kà á sì mú ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́wọ́ wá.