Báwo ni mo ṣe lè mọ abúlé tí àwọn Patel tiwa ti ṣẹ̀ wá?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Patel ni orúkọ ìdílé ọkọ mi, Leicester la ń gbé. Kampala ni wọ́n bí olóògbé bàbá rẹ̀ sí, kí Idi Amin tó lé àwọn ará Éṣíà kúrò ní Uganda lọ́dún 1972. Oyè olórí abúlé ni Patel ní Gujarat, ìpínlẹ̀ kan ní India, tẹ́lẹ̀, kì í ṣe orúkọ agboolé kan ṣoṣo. Mo wo ìwé ìgbéyàwó wọn, kò dárúkọ abúlé. Àwọn àgbà ilé rántí Charotar, agbègbè kan ní Gujarat, nìkan, bẹ́ẹ̀ Nadiad, Karamsad, Dharmaj, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀! Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi mọ ilé bàbá wọn bí wọ́n ṣe mọ Ìjẹ̀bú tèmi. Àkọsílẹ̀ wo ló máa ń dárúkọ abúlé àwọn tó ṣí lọ Uganda, ibo ni mo sì ti lè rí i?