Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ní Kánádà: apá ibo ni kí á lọ?

Bàbá Tíṣà, Ọ̀fà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa nílé àti lẹ́yìn odi. Ọmọbìnrin mi tí ó ń gbé ní Winnipeg ti ránṣẹ́ pe èmi àti ìyá rẹ̀ pé kí á wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ òun, láti àárín oṣù Kẹfà títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Àìmọye ìgbà ni mo ti ya àwòrán ilẹ̀ Kánádà sára pátákó títí tí ẹfun fi bo ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n n kò dé ibẹ̀ rí. Nítorí náà mo jókòó, mo kọ gbogbo ohun tí ọkàn mi ń fẹ́ sílẹ̀: omi Niagara tí ó ń já bọ́ láti orí àpáta, àwọn òkè Rocky, béárì funfun, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tí ó máa ń jó lójú ọ̀run lóru, àti òkun ní ìhà ìlà oòrùn àti ní ìhà ìwọ̀ oòrùn. Nígbà tí mo kà á fún ọmọ mi lórí fóònù, ẹ̀rín ni ó bú sí, ó ní ìrìn àjò ọdún méjì ni mo kọ sínú ìwé yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀, tí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹkùn wo ni ẹ óò mú, èwo ni ẹ óò fi sílẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé orúnkún ń yọ ìyàwó mi lẹ́nu, àti pé owó ìfẹ̀yìntì ni a fi ń jẹun.

Ọmọ Òmù-Àrán, Calgary

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, sà. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ. Bí a bá gé Kánádà bí ẹni ń gé ilẹ̀ oko, Nàìjíríà mẹ́wàá yóò jáde níbẹ̀, yóò sì tún ṣẹ́kù. Rọ́ṣíà nìkan ni ó fẹ̀ jù ú lọ láyé. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò tó ìdámẹ́rin wa, ẹ̀bá ààlà Amẹ́ríkà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì kó ara wọn jọ sí. Láti Winnipeg sí Toronto lójú títì ju kìlómítà 2,000 lọ, èyí tí ó dà bí kí ènìyàn lọ láti Ìlọrin sí Èkó ní ìgbà méje léra wọn, igbó àti adágún omi ni yóò sì máa wò lójú ọ̀nà. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹ lè fi mọ́tò rí gbogbo rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ wá sí ìwọ̀ oòrùn. Bàálù láti Winnipeg sí Calgary kò ju bíi wákàtí méjì lọ, láti Calgary sí Banff tí ó wà láàárín àwọn òkè Rocky sì jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 130. Ní ọdún 1885 ni wọ́n ti ya ilẹ̀ Banff sọ́tọ̀, òun sì ni ọgbà ìjọba àkọ́kọ́ ní Kánádà. Mo ti mú àlejò tí ó pọ̀ lọ sí etí adágún Louise, n kò sì tíì rí ẹni tí kò béèrè pé ta ni ó po aró sínú omi. Ẹnikẹ́ni kò po nǹkan kan sí i. Yìnyín ńláńlá tí ó ti dì gbagidi láti ayébáyé lórí àwọn òkè náà máa ń rọra wọ́ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ó sì ti ń wọ́ ni ó ń lọ àpáta abẹ́ rẹ̀ bí ọlọ. Ìyẹ̀fun àpáta náà kúnná ju èlùbọ́ lọ, omi yìnyín tí ó yọ́ ń gbé e wọ inú adágún, kò lè tètè rì, òun ni ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì ń bá pàdé nínú omi tí àwọ̀ náà fi ń yọ. Ní òpin oṣù Kẹfà ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ràn dáadáa, nítorí náà àkókò yín bọ́ sí i. Ọ̀nà etí adágún náà tẹ́jú, orúnkún màmá kò ní dá wọn dúró.

Bí owó bá tó, ẹ gba títì tí ó lọ láti Louise sí Jasper. Kìlómítà 230 ni, òkè àti yìnyín ni lọ́tùn-ún lósì. Iná igbó jó apá kan ìlú Jasper ní 2024, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba àlejò.

Alhaja, Ìlọrin

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Òkè dára, ṣùgbọ́n Bàbá, ìlà oòrùn ni kí ẹ lọ, torí ibẹ̀ ni ẹ óò ti rí ìlú tí ó ní ìtàn. Mo lọ kí ọmọ mi ní Montreal, ó sì mú mi dé ìlú Quebec tí àwọn Faransé tẹ̀ dó ní 1608. Odi òkúta ṣì yí ìlú àtijọ́ náà ká títí di òní, Faransé sì ni wọ́n ń sọ láti ọjà dé ilé ìwòsàn.

Ní ti Niagara, ẹni tí ó bá ti rí omi Òwu wa ní Òwá-Kájọlà kò ní bẹ̀rù gíga rẹ̀, nítorí èyí tí ó tóbi jù níbẹ̀ kò ju bíi mítà 57 lọ. Bí omi náà ṣe pọ̀ tó ni ó ń dẹ́rù bani. Omi adágún Erie ni ó ń ya sọ̀kalẹ̀ lọ sínú adágún Ontario, ọkọ̀ ojú omi yóò sì gbé yín dé ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù òjò lọ́rùn. Ẹ lọ lọ́sàn-án o. Láti ọdún 1950 ni Kánádà àti Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí àdéhùn bí wọn yóò ṣe máa pín omi náà fún iná mànàmáná, lóru sì ni wọ́n máa ń darí èyí tí ó pọ̀ sí i lọ sí ẹ̀rọ. Àwa tí Jẹ́bà wà nítòsí wa, ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣàjèjì sí wa.

Ẹ jẹ́ kí n fi oúnjẹ kan kún un. Ní Quebec, wọ́n máa ń kó wàrà sórí pòtétò díndín, wọn yóò sì da ọbẹ̀ gbígbóná lé e lórí. Mo fi eyín gé ọ̀kan nínú wàrà náà, ó sì dún fín-ín bí wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀kalẹ̀ lórí iná. Ilé ni ọkàn mi lọ tààrà. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n fi se ọbẹ̀ náà kí ẹ tó fi kan ẹnu.

Ará Ìgbàjà

Ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ etí òkun Àtìláńtíìkì, ibẹ̀ sì ni mo ti lo ọdún mẹ́rin. Ní New Brunswick, ibi tí wọ́n ń pè ní Hopewell Rocks, ẹ lè rìn lórí ilẹ̀ òkun nígbà tí omi bá fà, láàárín àwọn òpó àpáta, kí ó tó tó wákàtí mẹ́fà sí i omi yóò ti bo ibi tí ẹ dúró sí. Omi Fundy yìí ni ó ń kún jù láyé. Ní ìkángun rẹ̀, ó lè gòkè tó mítà 16. Mo gbà pé ó jìnnà jù sí Winnipeg fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ fi í pa mọ́ fún ìgbà mìíràn.

Ọmọ Àfọ̀njá

Alhaja, mo kí yín o, mà, ṣùgbọ́n ìtàn ibẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ ní 1608. Àwọn Inuit àti àwọn onílẹ̀ mìíràn ti wà níbẹ̀ kí Faransé tó dé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin 1999 ni wọ́n dá Nunavut sílẹ̀ ní àríwá, àwọn Inuit ni ó sì pọ̀ jù níbẹ̀. Kò sí títì kankan tí ó so ó mọ́ ìyókù Kánádà.

Bàbá, ẹ yọ ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run kúrò nínú ìwé yín. Mo ṣiṣẹ́ ní Yellowknife ní àríwá. Láti àárín oṣù Kẹjọ títí di oṣù Kẹrin ni a máa ń rí i dáadáa. Ní oṣù Kẹfà ilẹ̀ kì í ṣú tó. Ní Inuvik tí ó tún wà lókè síwájú, oòrùn kì í wọ̀ rárá fún ọjọ́ tí ó ju 50 lọ. Ìlú yẹn ní mọ́sáláásí kékeré kan tí wọ́n kọ́ ní Winnipeg ní 2010, tí wọ́n gbé odidi rẹ̀ sórí ọkọ̀ akẹ́rù, tí wọ́n sì tún gbé e sórí ọkọ̀ ojú omi lórí odò Mackenzie, títí ó fi rin nǹkan bíi kìlómítà 4,000 dé ibẹ̀.

Béárì funfun ńkọ́? Churchill ni ilé wọn, ìpínlẹ̀ Manitoba kan náà tí Winnipeg wà sì ni Churchill wà. Ṣùgbọ́n títì kò dé ibẹ̀. Bàálù ni, tàbí ọkọ̀ ojú irin tí ẹ óò sùn nínú rẹ̀ fún òru méjì. Oṣù Kẹwàá àti ìkọkànlá ni àwọn béárì náà máa ń pọ̀ létí omi, tí wọ́n ń dúró kí omi dì kí wọ́n lè lọ ṣọdẹ. Ní oṣù Keje, àwọn àbùùbùtán funfun ni ó máa ń kún odò Churchill.

Bàbá Tíṣà, Ọ̀fà

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run yóò san yín lẹ́san. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi lálẹ́ àná, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó sì fi bírò fa ìlà pa béárì àti òkun méjèèjì. Ó ní òun kò lè sun òru méjì nínú ọkọ̀ ojú irin láti lọ wo ẹranko tí ó lè pa òun jẹ. Banff ni a mú, ọjọ́ márùn-ún, a óò sì lo ìyókù pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ wa ní Winnipeg. Niagara ni ó dun èmi, ṣùgbọ́n owó bàálù méjì kò sí. Ọmọ Òmù-Àrán, mo gbọ́ nípa adágún kan tí ń jẹ́ Moraine nítòsí Louise. Ṣé mọ́tò ọmọ mi lè dé ibẹ̀?

Ọmọ Òmù-Àrán, Calgary

Rárá, sà. Láti 2023 ni wọn kò ti jẹ́ kí mọ́tò aládàáni gba ọ̀nà yẹn mọ́, bọ́ọ̀sì ni ó ń gbéni lọ. Kí ọmọ yín ti gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ìsinsìnyí, torí ó máa ń tètè kún. Kí màmá mú ẹ̀wù òtútù dání, bí ó tilẹ̀ jẹ́ oṣù Kẹfà: òwúrọ̀ etí adágún yẹn ju ọyẹ́ Ọ̀fà lọ.