Kọ́ọ̀sì ìrọ̀rùn ni wọ́n ń tì sí àbúrò mi lọ́rùn, kí la máa ṣe?

Ẹ̀yin èèyàn wa tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni àbúrò mi fi ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní yunifásítì kan níbẹ̀. Iṣẹ́ ẹnjiníà ló wù ú, àmọ́ ẹni tó ń tọ́ àwọn eléré ìdárayá sọ́nà ní kó gbàgbé ẹ̀, torí láàbù forí gbárí pẹ̀lú àkókò ìgbáradì. Ó fi àwọn kọ́ọ̀sì tí wọ́n yàn fún un ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: kò sí ìṣirò kankan níbẹ̀!

Ọ̀rọ̀ Yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill ló ń bà mí lẹ́rù. Láti 1993 sí 2011, akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 3,100, tí eléré ìdárayá pọ̀ nínú wọn, gba kíláàsì tí olùkọ́ kì í yọjú sí. Àròkọ kan péré, máàkì gọbọi. Ní 2017, NCAA, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó eré ìdárayá àwọn yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ò fìyà jẹ yunifásítì náà lórí ẹ̀.

Màmá wa ní kó ṣáà gbàwé jáde. Èmi ò gbà. Ṣé ó lè takú kí kóòṣì má gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀? Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ bá?